Orúkọ ipò kọ́ ni iṣẹ́: àṣìṣe àwọn tó ń fi báńkì sílẹ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́ mìíràn

Ọdún 2006 ni, oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n da báńkì tí mo ń bá ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́ òmíràn. Mo jókòó níwájú ọ̀gá kan ní Ring Road, n'Ìbàdàn. Ó wo ìwé mi, ó gbé e kalẹ̀, ó ní, "Kí lẹ lè ṣe?" Mo ní senior banking officer ni mí, fún ọdún mẹ́rin gbáko. Ó ní, "Mo ti rí ìyẹn nínú ìwé. Mo ní kí lẹ lè ṣe?" Mo tún dárúkọ ipò mi, mo wá fi orúkọ báńkì lé e lórí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Wọn ò pè mí mọ́ títí dòní.

Àwọn tó wà nínú báńkì nígbà yẹn mọ ohun tí mò ń sọ. Ní July 2004 ni Charles Soludo, gómìnà báńkì àpapọ̀ ìgbà náà, kéde pé owó ìdókòwò báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, kó di bílíọ̀nù 25. Kí ọdún 2005 tó parí, báńkì 89 ti di 25. Ẹ̀ka méjì tó kọjú síra wọn di ẹyọ kan, kaṣíà mẹ́jọ di mẹ́ta, ẹyẹ ò sì sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ tún gbé òdiwọ̀n náà sókè ní 2024, tó ní bílíọ̀nù 500 ni ti báńkì tó bá ń ṣòwò dé òkè òkun, tó sì fi 31 March 2026 ṣe gbèdéke, fóònù mi ò sinmi mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì tí ẹ̀rù ń bà ló ń pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ṣe é tẹ́ ẹ fi bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ oògùn?" Mi ò ní ọgbọ́n kan tí mo lè tà fún wọn. Àwọn ibi tí mo ti ṣì í ṣe, àti ibi tí mo rí i tí àwọn mìíràn ń ṣì í ṣe, ni mo lè sọ.

Kí o máa gbé ipò kiri bí ẹni gbé iṣẹ́

Èyí ló burú jù, òun náà ló sì bí púpọ̀ nínú àwọn tó kù.

Nínú báńkì, wọ́n máa ń fún wa ní orúkọ tó ń dún. Orúkọ yẹn ní ìtumọ̀ láàárín ara wa nìkan. Bí o bá dé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀dà tàbí tó ń pín bisikíìtì, ẹni tó jókòó síwájú rẹ ò mọ̀ bóyá banking officer ju assistant manager lọ tàbí ó kéré sí i. Kò tiẹ̀ kàn án. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ọjà rẹ̀ ń sọnù, oníbàárà rẹ̀ ń jẹ gbèsè, ìwé owó rẹ̀ kì í bá ti ilé ìtajà mu.

Ẹ jẹ́ ká wo olórí kaṣíà lásán. Kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, òun àti ẹnì kejì ti jọ ṣí yàrá tí owó ń sùn sí. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni, kò sí ẹni tó lè mú méjèèjì dání. Ó ka owó fún kaṣíà kọ̀ọ̀kan, oníkálùkù fọwọ́ sí i. Láàárọ̀ ọ̀la, wọn á kó gbogbo ìwé àná jáde, wọn á máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí à ń pè ní call-over. Lọ́jọ́ tí owó oṣù wọlé tí nẹ́tíwọ̀kì sì dákú, òun ló máa dojú kọ igba èèyàn tí inú ń bí, tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ gíláàsì. Ó ń fi ọwọ́ mọ owó ayédèrú, ó ń fi ojú mọ ìfọwọ́síwèé tí kì í ṣe ti olówó. Bí àṣírí jìbìtì bá tú, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ bi, nítorí náà ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kó má di ìjà.

Gbogbo ìyẹn, tó bá dórí CV, á wá di "Head Teller, 2001–2005." Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti fi ọ̀rọ̀ méjì pa iṣẹ́ ọdún mẹ́rin rẹ́.

Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n ra ìwé pélébé kan, kí wọ́n sì kọ ohun tí ọwọ́ wọn ṣe lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò fẹ́ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn. Ṣé o pe ènìyàn ogún tó jẹ gbèsè? Mélòó ló san? Ta lo kọ́ níṣẹ́? Kí lo rí tí ẹlòmíràn ò rí? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, àmọ́ kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni à ń wá.

Alhaja kan tó ń pín oògùn kárí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló là mí lójú. Kì í ṣe pé mo gbọ́n sí i nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ o. Mo ti tún bẹ̀rẹ̀ orin senior banking officer mi nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó dáhùn, ó sì bínú: páálí oògùn mẹ́fà tún ti pòórá láàárín ilé ìkẹ́rùsí àti ọkọ̀. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ẹnu mi kàn yọ ni, mo ní, "Mà, ṣé ẹnì kan náà ló ń mú kọ́kọ́rọ́, tó ń ka ẹrù, tó tún ń kọ ọ́ sílẹ̀?" Ó wò mí. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó burú?" Mo wá ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é nínú báńkì: ẹni tó ń mú kọ́kọ́rọ́ kọ́ ló ń kọ̀wé, ẹni tó kọ̀wé kọ́ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ ọ̀la. Ó ti CV mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọmọ mi, ìgbà wo lo lè bẹ̀rẹ̀?"

Páálí oògùn àti ìdì owó kò jọra, mo mọ̀. Oògùn ní ọjọ́ tó ń bàjẹ́, ó ní nọ́ńbà NAFDAC, ó ní nọ́ńbà ìpele tí wọ́n pò ó (batch number), èyí tó bá máa tètè bàjẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú ọjà pòórá kò yàtọ̀ sí ohun tó ń mú owó pòórá.

Sísọ èdè ilé fún ará oko

Àwọn tó ti rí iṣẹ́ wọn kọ sílẹ̀ pàápàá ṣì lè kọ ọ́ lédè tí kò yé ẹnikẹ́ni. KYC, GL, call-over, suspense account. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ò ní bi ọ́ ní ìtumọ̀ rẹ̀. Á kàn ṣí ìwé tó kàn. Dípò KYC, wí pé o máa ń wádìí ẹni tí oníbàárà jẹ́, àdírẹ́sì rẹ̀ àti ibi tí owó rẹ̀ ti wá, kó tó ṣí àkáǹtì. Ilé ìwòsàn tó ń dá àwọn aláìsàn tó ń lo ètò adójútòfò ìlera mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn tó ń lo káàdì ẹlòmíràn nílò ẹni tó mọ ìyẹn ṣe. Ka ohun tí o kọ sí etí ẹnì kan tí kò ṣiṣẹ́ báńkì rí, ìyàwó rẹ tàbí àbúrò rẹ. Ibi tó bá ti ní "kí nìyẹn?" ni kí o tún kọ.

Ojú kan náà ni kí o fi ka ìkéde iṣẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ: ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìkéde kan ni ìṣòro tí wọ́n ń gbé sùn.

Kíkó sàtífíkéètì jọ

Ẹni tí ìpayà mú máa ń rò pé òfìfo ni òun. Á lọ kọ́ data analysis, á tún lọ kọ́ cybersecurity, oṣù mẹ́fà á lọ, owó á lọ, CV á wá rí bí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, nígbà tó jẹ́ pé ọdún mẹ́wàá ló fi ṣiṣẹ́. Mi ò sọ pé ẹ̀kọ́ ò dára. Mo ní kí o kọ́kọ́ mọ àlàfo tó wà láàárín ohun tí o mọ̀ àti iṣẹ́ kan pàtó, lẹ́yìn náà kí o ra ẹ̀kọ́ tó máa dí i. Excel nìkan ló bo ti èmi.

PMP, ìwé ẹ̀rí àwọn alábòójútó iṣẹ́ àkànṣe, ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ inú kíláàsì nìkan ni wọ́n ń bèèrè: ẹni tó jáde ní yunifásítì gbọ́dọ̀ ti darí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún oṣù 36 kó tó lè jókòó ìdánwò náà. Ọ̀rẹ́ mi kan ń sunkún pé òun ò ní irú ìrírí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kó ẹ̀ka báńkì odindi láti Dùgbẹ̀ lọ sí Bódìjà, tó tún wà lára àwọn tó fi kọ̀ǹpútà tuntun sí ẹ̀ka mẹ́rìnlá! Kò mọ̀ pé iṣẹ́ àkànṣe ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Kíkó orúkọ oníbàárà dání

Lórí èyí, mi ò ní fi ẹnu ṣeré. Àwọn tó ń ṣe marketing ló sábà máa ń kó sí i. Wọ́n á fi orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù àti iye tó wà nínú àkáǹtì ránṣẹ́ sí ímeèlì ara wọn lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa kúrò, wọ́n á wá fi ṣe ẹ̀bùn fún ọ̀gá tuntun. Òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti June 2023, ohun tí oníbàárà fi síkàáwọ́ báńkì kì í sì í ṣe ohun ìní rẹ. Yàtọ̀ sí òfin, ọ̀gá tuntun tó bá ní orí pípé á ti mọ ohun tí ìwọ náà máa ṣe fún òun lọ́jọ́ tí o bá ń lọ. Bí o ṣe ń mú kí àjèjì fọkàn tán ọ ni ọgbọ́n rẹ. Ìyẹn ni kí o gbé dání.

"Ẹ bá mi wáṣẹ́"

Kí o fi CV kan náà ránṣẹ́ sí ogójì èèyàn lórí WhatsApp, pẹ̀lú "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wáṣẹ́, iṣẹ́ èyíkéyìí." Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ràn rẹ gan-an ò mọ ibi tó máa gbé iṣẹ́ èyíkéyìí lé. Bèèrè ìbéèrè dípò rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ní ọ́fíìsì yín, kí ló ń gba àkókò yín jù lóṣooṣù?" Jókòó, gbọ́ ọ. Bí o bá ti ṣe ohun tó jọ ọ́ rí, sọ bí o ṣe ṣe é. Ẹni yẹn ló máa wá dárúkọ rẹ níbi tí o ò sí. Má sì ba ọ̀gá rẹ àtijọ́ jẹ́ lójú ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó o bá dé ṣì máa bèèrè oníduró méjì, wọ́n á sì kọ̀wé sí ibi tí o ti ń bọ̀.

Kíkọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́

Bí agbára rẹ bá ká a, orí iṣẹ́ ni kí o ti máa wáṣẹ́. Àwọn kan gbójú lé owó ìfẹ̀yìntì wọn. Ohun tí òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ ni pé bí ẹni tí kò tíì pé ọdún 50 bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá láìrí òmíràn, ó lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Oṣù mẹ́rin kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lọ ná, owó ilé-ìwé ọmọ ò sì mọ oṣù mẹ́rin.

Ti owó oṣù: mo gba ohun tó dín sí ti báńkì lọ́dọ̀ Alhaja. Ipò mi náà wálẹ̀, "storekeeper" ni wọ́n kọ. Mo fara mọ́ ọn nítorí pé iṣẹ́ náà ní ibi tó ń lọ, mo sì ti ṣírò owó ọkọ̀, aṣọ àti táì tí mi ò ní máa rà mọ́. Bí o ò bá ṣírò, má gbà.

Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí òfin ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn. Mo lè bójú tó ẹrù oògùn, àmọ́ apòògùn tó forúkọ sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lórí ilé-iṣẹ́ náà. Ẹni tó fẹ́ lọ máa kọ́ni á bá TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, pàdé. Béèrè ìyẹn kí o tó náwó.

Lọ́dún tó kọjá, olùkọ́ kan wá sọ́dọ̀ wa fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Èmi ni mo jókòó sí ìdí tábìlì lọ́tẹ̀ yìí. CV rẹ̀ ní "Class Teacher, Primary 4." Mo bi í ní ohun tó lè ṣe. Ó ní olùkọ́ ni òun, sà. Mo ní, "Tẹ́ ẹ bá dé kíláàsì láàárọ̀, kí lẹ kọ́kọ́ ń ṣe?" Ó ní òun máa ń pe orúkọ. Ọmọ mẹ́tàlélógójì ni wọ́n, kí àdúrà àárọ̀ tó parí òun ti mọ ẹni tí kò wá, òun sì ti pe ìyá rẹ̀. Òun ló tún ń gba owó PTA, kọ́bọ̀ ò sọnù rí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀.