Òwú Dúdú Lórí Aṣọ Funfun: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè (Àkúrẹ́): Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi òwú dúdú ṣe ọnà ewé sí igun aṣọ tábìlì funfun. Ìgbà tí mo fọ̀ ọ́, òwú náà ṣí, ó ràn mọ́ funfun. Wọ́n ní kí n fi fínígà àti iyọ̀ rẹ ẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ fi fínígà sílẹ̀. Kì í mú aró dúró lára òwú kọ́tìnì. Bí aṣọ náà kò bá tíì gbẹ, ẹ rì í sínú omi tútù tó kún báàfù. Omi gbọ́dọ̀ pọ̀, kí aró tó ń jáde má baà tún padà sára aṣọ. Bí omi bá ti dúdú, ẹ dà á nù, ẹ bu òmíràn, títí yóò fi mọ́ kedere. Ẹ má fún un, ẹ má ṣẹ́ ẹ po. Ẹ tẹ́ ẹ sórí táwẹ́ẹ̀lì kó gbẹ. Áyọ́ọ̀nù kò gbọ́dọ̀ kàn án nígbà tí àbààwọ́n ṣì wà lára rẹ̀, torí ooru á mú un le. Jíìkì náà ńkọ́? Á ba dúdú tí ẹ ti ṣe jẹ́.

Nígbà mìíràn, ẹ dán òwú wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá èyí tí ẹ bá rà ní Ọjà Ọba tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì. Ẹ gé díẹ̀, ẹ fi omi rẹ ẹ́, ẹ fi sáàárín àkísà funfun, ẹ lọ̀ ọ́. Bó bá fi àmì sílẹ̀, kì í ṣe òwú aṣọ funfun nìyẹn.

Ìbéèrè (Oǹdó): Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí iṣẹ́ mi fi rí pẹrẹsẹ, bí ẹni fi báírò yàwòrán?

Ìdáhùn: Ó jọ pé iye fọ́nrán kan náà lẹ fi ṣe gbogbo rẹ̀. Fọ́nrán 6 ló sábà máa ń wà nínú òwú iṣẹ́ ọnà. Ẹ máa fa wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́nrán 1 tó fún iṣan ewé, 2 fún etí rẹ̀, 3 fún kókó French knot (òwú tí a yí mọ́ abẹ́rẹ́ di kókó) àárín òdòdó, gbogbo 6 fún chain stitch (ìrán tó so mọ́ra bí ẹ̀wọ̀n) ìtàkùn tó nípọn.

Nígbà tí àwọ̀ kò ju méjì lọ, òjìji ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí satin stitch (òwú tí a tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti bo àwòrán) yọ sókè, ẹ kọ́kọ́ rán back stitch (ìrán ìlà tí abẹ́rẹ́ ń padà sẹ́yìn) yí etí àwòrán náà ká, kí ẹ tó bò ó. Ẹ yí ọ̀nà tí òwú dojú kọ padà lára ewé kọ̀ọ̀kan: òwú dúdú kan náà á dán níhìn-ín, á ṣú lọ́hùn-ún. Fún àwọ̀ eérú, ẹ fọ́n seed stitch (ìrán kéékèèké bí irúgbìn) ká, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju mílímítà 3 lọ. Ibi tó sún mọ́ra á ṣú, ibi tó jìnnà síra á mọ́lẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láìrán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bo gbogbo rẹ̀, tí ó wá di abàwọ́n dúdú kan ṣoṣo.

Ìbéèrè: Kókó mi máa ń já sí ẹ̀yìn aṣọ.

Ìdáhùn: Ojú ihò tí abẹ́rẹ́ gbà jáde lẹ tún ń kì í bọ̀. Ẹ ti abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí fọ́nrán aṣọ kan ó kéré tán wà láàárín. Ẹ di òwú mú ṣinṣin títí abẹ́rẹ́ á fi kọjá. Ẹ fi òwú yí abẹ́rẹ́ ká lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀méjì péré. Bí ẹ bá fẹ́ kó tóbi, fọ́nrán lẹ máa fi kún.

Ìbéèrè (Àkúrẹ́): Òwú dúdú ẹ̀yìn ń hàn lójú aṣọ, funfun sì ń dọ̀tí.

Ìdáhùn: Ẹ má fi òwú dúdú fò ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ lẹ́yìn aṣọ, ẹ gé e, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bí aṣọ bá fẹ́lẹ́, ẹ tẹ́ funfun mìíràn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gé òwú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45, ká ní láti ìka dé ìgúnpá, torí èyí tó gùn máa ń ta irun, irun dúdú yẹn ló ń lẹ̀ mọ́ funfun. Òógùn ọwọ́ ló ṣe ìyókù: ẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ lálẹ́, ẹ gbé dúdú sílẹ̀, ẹ ṣe ti funfun.

Ìbéèrè: Aṣọ mi ń hun jọ bí mo bá yọ férémù (òrùka tó ń na aṣọ) kúrò.

Ìdáhùn: Ẹ ń fa òwú le jù, tàbí aṣọ dẹ̀ nínú férémù. Ẹ jẹ́ kó le bí awọ ìlù, ẹ máa yọ ọ́ lálaalẹ́ kí òrùka rẹ̀ má baà fi ojú sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ̀ ọ́, ẹ da ojú iṣẹ́ dé orí táwẹ́ẹ̀lì tó nípọn, kí kókó má baà tẹ́.