Tàtàṣé tí kò gba àrùn ló kọ́kọ́ gbẹ

Florida ni mo ti ṣe iṣẹ́ yìí, lórí ìkòkò tàtàṣé mẹ́fà. Mẹ́ta jẹ́ Early Calwonder, tí àrùn máa ń tètè mú. Mẹ́ta yòókù, ECW-20R, jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Ohun tó fi yàtọ̀ ni jíìnì Bs2, tí kì í jẹ́ kí àrùn mú un, tí wọ́n mú wọ inú rẹ̀ láti ara ata igbó kan, Capsicum chacoense. Bakitéríà Xanthomonas, tó ń ta tóótòòtó sára ewé ata títí ewé á fi máa já, ni mo fẹ́ fi dán wọn wò.

Mo pò ó mọ́ omi, mo fà á sínú síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn ewé ni a ń gbé ẹnu síríńjì lé, kí a fi ìka dá a dúró lókè, kí a wá tì í jẹ́jẹ́. Ibẹ̀ á ṣókùnkùn bí aṣọ tí omi ta sí. Mo bu omi là á gan-an fún àwọn ewé kan, mo sì fún àwọn mìíràn ní omi lásán.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ewé ECW-20R ló ti gbẹ kákákáká níbi tí mo fún un! Early Calwonder ń tutù yọ̀yọ̀. Mo ní ó parí, mo ti ṣi orúkọ wọn lẹ̀, mo lẹ ti ọ̀kan mọ́ èkejì. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Sáà fi aró sí i ná."

Aró trypan blue ni. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè kì í jẹ́ kó wọlé. Òkú ló ń mu ún. Mo se ewé nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo wá rẹ ẹ́ sínú chloral hydrate mọ́jú kí àwọ̀ ewé lè ṣí. (Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, èyí kì í ṣe aró àdìrẹ.)

Ewé ECW-20R tí mo bu omi là bakitéríà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, dúdú bí ẹ̀lú, àwọn tó yí i ká sì mọ́ bí gíláàsì. Ó pa ara rẹ̀ ni. Bakitéríà yìí ní nǹkan bí abẹ́rẹ́ tó fi ń ti púrótéènì sínú sẹ́ẹ̀lì ata, AvrBs2 sì wà lára wọn. Bí Bs2 bá ti dá AvrBs2 mọ̀, sẹ́ẹ̀lì náà á tètè kú, bakitéríà á há síbi òkú, kò ní ráyè bí sí i.

Early Calwonder kò dá nǹkan kan mọ̀, kò sí aró lára rẹ̀, àfi òrùka búlúù roboto kan tó já mi láyà. Mo bá a lára ewé olómi lásán náà: ẹnu síríńjì tí mo tẹ̀ jù ló pa àwọn yẹn.

Lọ́jọ́ kẹrin, ojú ibi tí mo fún Early Calwonder ti rọ̀ bí ìgbà tí epo ta sí bébà. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ti pọ́n; mo kàn án báyìí, ó já sí mi lọ́wọ́. Ti ECW-20R ṣì wà lórí igi, pẹ̀lú ojú gbígbẹ rẹ̀ tí kò fẹ̀ sí i.