Ẹ Yé Ra Bátìrì Ńlá: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń So Ẹ̀rọ Mọ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé àpótí kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Pánṣẹ́kẹ́. Ẹ̀rọ tó ń wo bí omi ṣe ga tó nínú táǹkì ló wà nínú rẹ̀, tó sì ń fi iye náà ránṣẹ́ sórí fóònù onílé. Bátìrì rẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ 3 lọ. Ó ti ra bátìrì tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ti ra páńẹ́lì sólà, páńẹ́lì kejì ló tún fẹ́ lọ rà. Mo bi í bí ẹ̀rọ náà ṣe ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀ńjíníà, nọ́ńbà kan péré ló kàn ń fi ránṣẹ́ o." Ọ̀rọ̀ "kàn" yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí. Ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi síìmù sínú mọ́dẹ́ẹ̀mù, ìyẹn apá ẹ̀rọ tó ń bá òpó sọ̀rọ̀, ni mò ń bá wí. N kò ní padà sórí a-b-d.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni ríro pé dátà ló ń jẹ bátìrì. Ìkíni ló ń jẹ ẹ́. Kí mọ́dẹ́ẹ̀mù 4G tó fi báìtì 40 ránṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn òpó, kí òpó dá a lóhùn, kí ó sọ ẹni tó jẹ́, kí wọ́n fi ààbò sórí ọ̀rọ̀ wọn, kí iṣẹ́ tó jẹ́ tó wá kàn. Bí ó bá sì parí, òpó kò ní tú u sílẹ̀ kíákíá; yóò mú un dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bóyá ó ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó dà bí ìgbà tí ọmọdé lọ yá ìṣáná ní agbo ilé ńlá: yóò dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà tó wà lójúde, yóò kí ìyálé, yóò dáhùn pé dáadáa ni gbogbo ará ilé wà, kó tó dárúkọ ìṣáná, bí ó bá sì gbà á tán, wọn yóò ní kó jókòó, ọbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ń ṣe ìkíni yìí nígbà 1,440 lójúmọ́. Bí ìkọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá 12, wákàtí 4.8 ni rédíò inú mọ́dẹ́ẹ̀mù fi ń lajú sílẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló ń ránṣẹ́, kò tó ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́.

Kì í ṣe pé mo gbọ́n bí mo ṣe ń sọ yìí o. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbà, adágún ẹja kan lápá Láfẹ́nwá ni, mo sì fi ẹ̀rọ tó ń wo ìgbóná omi síbẹ̀, tó ń ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé adágún máa ń hó lójijì. Nígbà tí bátìrì kú ní ọjọ́ kẹrin, mo ní kí bàbá tó ni ẹja ra bátìrì mọ́tò. Bàbá rà á. Ìyẹn náà kú. Ó tó oṣù mélòó kan kí ojú mi tó là: kí ẹ̀rọ máa wọn omi ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí ó kó iye rẹ̀ pamọ́, kí ó kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ pọ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àyàfi bí ìgbóná bá kọjá ààlà, tí yóò fi kígbe lójú ẹsẹ̀. Bátìrì kékeré ti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo dá padà síbẹ̀, ó sì lò ju oṣù kan lọ.

Inú àṣìṣe yìí kan náà ni mo ka keepalive ti MQTT sí. MQTT ni ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń bá sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń gba iṣẹ́ rẹ̀, sọ̀rọ̀; keepalive ni àmì "mo ṣì wà" tó ń fi ránṣẹ́ kí ìlà má bàa já. Ọ̀pọ̀ kóòdù tí ẹ ń dà kọ fi í sí ìṣẹ́jú àáyá 60. Báìtì 2 péré ni ohun tó ń fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n agbo ilé ńlá yẹn ni wọ́n ń rán báìtì 2 náà gbà kọjá. Bí kò bá sí àṣẹ tí sáfà fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ yín, kí lẹ̀ ń di ìlà mú fún?

Èkejì ni pípa mọ́dẹ́ẹ̀mù pátápátá lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ lè jèrè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú 10 sí 10, àdánù gbáà ni, nítorí pé bí ó bá ti ń tàn ni yóò máa wá òpó káàkiri, tí wọn yóò máa yẹ síìmù rẹ̀ wò, tí wọn yóò sì máa forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí àlejò tí wọn kò rí rí. PSM (Power Saving Mode), tó wọ inú ìlànà 3GPP, ẹgbẹ́ tó ń ṣe òfin nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, ní Release 12 (ẹ̀dà kejìlá), wà fún èyí gan-an: ẹ̀rọ yóò sùn fọnfọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì ní pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Àmọ́ ẹ̀bẹ̀ ni AT+CPSMS=1, kóòdù tí ẹ fi ń béèrè PSM, kì í ṣe àṣẹ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń pinnu àkókò tí yóò gbà, ó sì lè kọ̀ jálẹ̀. Ẹ ka ohun tí CEREG, kóòdù tó ń sọ ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fọwọ́ sí, dá padà.

Ẹ̀kẹta: ẹ má fi PSM sórí ohun tí wọ́n ń pè. Ìtìjú tèmi nìyí. Mo fi í sórí ẹ̀rọ tó ń tan pọ́ǹpù omi oníbàárà kan, kí ó máa jí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà tẹ fóònù pé kí pọ́ǹpù kú. Ẹ̀rọ ń sùn, kò gbọ́. Omi kún táǹkì, ó ṣàn wọ ilé aládùúgbò. Oníbàárà mi ní, "Ẹ̀ńjíníà, ẹ̀rọ yín ń sùn lẹ́nu iṣẹ́." Ohun tó yẹ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni eDRX ti Release 13, tó ń la etí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá ní ìṣẹ́jú àáyá 20.48, bí oníbàárà bá lè fara da ìdúró yẹn. Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín níkẹyìn ni pé bí kò bá sí iná, pọ́ǹpù kò lè ṣiṣẹ́ rárá. Bátìrì ta ni mo wá ń ṣọ́?

Ẹ má fa iná SIM800L, mọ́dẹ́ẹ̀mù 2G kékeré, láti ara Arduino, pátákó kékeré tó ń darí ẹ̀rọ. SIM800L lè gba ámpíà 2 lẹ́ẹ̀kan náà, Arduino kò sì lè fún un, nítorí náà yóò máa kú, yóò máa jí, yóò sì máa forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun.

Ẹ má gbé áńtẹ́nà sábẹ́ páànù. Abẹ́ òkúta ni ìlú wa wà lóòótọ́, ẹ̀yìn àpáta sì pọ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ti wọlé dáadáa. Bí òpó kò bá gbọ́ mọ́dẹ́ẹ̀mù, mọ́dẹ́ẹ̀mù yóò máa pariwo sí i, títí dé mílíwáàtì 200 fún 4G, yóò sì máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, èyí tó ń jẹ bátìrì tó sì tún ń fa ìdádúró. Ní ilé kan ní Ìtòkú, mo sún áńtẹ́nà síta ní mítà 3, CSQ, nọ́ńbà tó ń sọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe lágbára tó, kúrò ní 7, ó di 17. Owó wáyà nìkan ni mo ná.

Bí iná bá dé ládùúgbò lójijì, ẹ má jẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ yín kan ilẹ̀kùn òpó lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ìkọ̀ọ̀kan dúró fún àkókò tí kò bá ti èkejì dọ́gba.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, mo yí ìlà méjì padà nínú kóòdù rẹ̀, mo sì ní kó dá páńẹ́lì kejì dúró ná. Ó bi mí léèrè bátìrì mọ́tò tó wà ní igun ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ti bàbá ẹlẹ́ja ni. Mo ra á padà lọ́wọ́ wọn nítorí ìtìjú, fáànù mi ló sì ń gbé báyìí.