Géèmù PSP lórí fóònù 2GB: bí a ṣe ń tò ó

Fóònù Android tí RAM rẹ̀ jẹ́ 2GB tó láti gbá ọ̀pọ̀ géèmù PSP, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká ti Sony. Kò yẹ kí ọmọ Tanke ní Ìlọrin tó ti ní irú rẹ̀ lápò tún máa ka owó fún onílé géèmù lójoojúmọ́. Áàpù tí ẹ nílò ni PPSSPP, ó sì ti wà láti 2012. Ọ̀fẹ́ ni aláwọ̀ búlúù. Iṣẹ́ kan náà ni Gold tí wọ́n ń tà ń ṣe, ẹni tó rà á kàn ń fi owó ti àwọn tó kọ ọ́ lẹ́yìn ni. Ẹ mú un ní Play Store tàbí ppsspp.org, kì í ṣe èyí tí ẹnì kan fi Xender ránṣẹ́.

Bí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i, yóò bèèrè ibi tí yóò máa fi nǹkan pamọ́ sí. Fóldà tí ẹ fọwọ́ ara yín dá ni kí ẹ yàn. Bí ẹ bá fi í sí ibi ìpamọ́ ti áàpù nìkan, ọjọ́ tí ẹ bá yọ áàpù kúrò ni gbogbo ibi tí ẹ gbá géèmù dé máa bá a lọ. Inú PSP/SAVEDATA ni save yín (ibi tí ẹ gbá géèmù dé) wà. Ẹ máa dà á kọ sí ibòmíràn. Save state, èyí tí áàpù fúnra rẹ̀ ń fi pamọ́ lójú ẹsẹ̀, yá, àmọ́ ó lè má ṣí mọ́ tí ẹ bá ti ṣe update, ẹ má fọkàn tán an.

Ní ti géèmù fúnra rẹ̀: emulator, ìyẹn áàpù tó ń ṣe bí ẹ̀rọ géèmù bíi PPSSPP, kì í ṣe olè. Ní 2000, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Amẹ́ríkà dá ilé iṣẹ́ Connectix láre nígbà tí Sony pè é lẹ́jọ́ nítorí emulator PlayStation tó ṣe. Àmọ́ géèmù ní olówó tirẹ̀. Sony ti dáwọ́ PSP dúró láti 2014, nítorí náà UMD (díìsìkì géèmù PSP) àlòkù ló pọ̀ jù láti rà. Ẹ wá PSP tòkunbọ̀ kan tó ní custom firmware (sọ́fítíwọ̀ tí kì í ṣe ti Sony). Ẹyọ kan tó fún gbogbo àdúgbò. Ẹ fi UMD sínú rẹ̀, ẹ tẹ Select, ẹ yí USB Device sí UMD Disc, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ da ISO (fáìlì tí gbogbo géèmù wà nínú rẹ̀) tó bá yọ kọ. Kì í ju 1.8GB lọ, áàpù maxcso sì lè fún un kéré sí fáìlì CSO. Ẹni tí kò ní UMD, kó wo Homebrew & Demos nínú áàpù náà: géèmù ọ̀fẹ́ tí àwọn tó ṣe é fúnra wọn gbé kalẹ̀ wà níbẹ̀.

Bó bá ń fà, ẹ fi Rendering resolution (bí àwòrán ṣe mọ́ tó) sí 1x, Frame skipping (fífo àwòrán) sí 1, kí ẹ sì dán Vulkan àti OpenGL, ọ̀nà méjì tí fóònù ń gbà ya àwòrán, wò. Skip buffer effects ni kó kẹ́yìn, torí ó máa ń ba àwòrán géèmù mìíràn jẹ́. Ẹ jẹ́ kí speed máa hàn lójú fóònù. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní 100% tó wá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ fi Settings sílẹ̀: ooru ni. Fóònù tó bá gbóná máa ń fa ara rẹ̀ sẹ́yìn kó má baà jó. Ooru Ìlọrin nínú oṣù kẹta, pọ́ọ̀ṣì lára fóònù, ṣájà nídìí rẹ̀: kí ló kù? Ẹ bọ́ pọ́ọ̀ṣì, ẹ yọ ṣájà.

Bí géèmù kan bá ń kú lójú ibì kan náà, ẹ fura sí káàdì mẹ́mọ̀rì. Ayédèrú tó ń pe ara rẹ̀ ní 64GB pọ̀ lọ́jà. H2testw, áàpù tó ń yẹ káàdì wò lórí Windows, yóò kọ ọ́ kún, yóò sì kà á padà. Ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú.

Ẹni méjì lè gbá pọ̀ láìná dátà. Ọ̀kan tan hotspot, èkejì wọlé. Nínú Networking, ẹ tan WLAN lórí méjèèjì, ẹ tan built-in PRO ad hoc server (ibi tí fóònù méjèèjì ti ń pàdé) lórí ọ̀kan ṣoṣo, èyí tó ni hotspot. Ẹ wo gateway (àdírẹ́sì fóònù tó ni hotspot) lójú Wi-Fi fóònù kejì. Nọ́ńbà yẹn ni kí méjèèjì fi sí àdírẹ́sì server. MAC wọn (nọ́ńbà ìdánimọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kò gbọ́dọ̀ bára mu, ẹ̀dà PPSSPP wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Yàrá kan náà lèyí wà fún o. Ará Ọ̀fà kò lè tibẹ̀ bá ará Ìlọrin gbá a. Bí wọ́n bá pàdé tó tún já, ẹ wo speed fóònù tó lọ́ra jù: bó bá ti rẹlẹ̀ sí 100%, òun ló ń fa èkejì sẹ́yìn.