PDF tó kọ̀ tí ò jẹ́ ká kọ nǹkan sí i: bẹ́ ẹ ṣe máa wá ibi tí wọ́n ti tì í

Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí yín, wọ́n ní kẹ́ ẹ kà á, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí sí i, kẹ́ ẹ dá a padà kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ ṣí i nínú Google Drive tàbí SharePoint tàbí Zotero, ibi yòówù tẹ́ ẹ ń kó ìwé sí, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń kun yẹ́lò, kò dáhùn. Tàbí kẹ́ ẹ má tiẹ̀ rí bọ́tìnnì yẹn tẹ̀ rárá, àwọ̀ ẹ̀ ti ṣá. Ibi táwọn èèyàn máa ń sáré lọ ni àwọn ìkànnì ọ̀fẹ́ tó ń polówó pé àwọn lè ṣí PDF tí wọ́n bá tì, wọ́n á sì ju ìwé ọ́fíìsì sí i gbàgà, ìwé tí nọ́ńbà báǹkì àti àdírẹ́sì èèyàn wà nínú ẹ̀ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ́wọ́ kúrò níbẹ̀, ẹ ò mọ kọ̀ǹpútà ẹni tí ìwé yẹn máa sùn sí.

Ìbéèrè kan ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé fáìlì yẹn ni wọ́n tì ni àbí ibi tẹ́ ẹ kó o sí ló ń dí yín lọ́wọ́? Méjèèjì jọra lójú, oògùn wọn ò jọra rárá. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ dáńlóòdù ẹ̀dà kan sórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi Adobe Acrobat Reader ṣí i, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú láti lẹ sticky note kan, ìyẹn ìwé pélébé tí wọ́n ń kọ kọ́mẹ́ǹtì sí, mọ́ ojú ewé àkọ́kọ́. Tó bá gbà, kò sóhun tó ṣe fáìlì, ẹ lọ bá sọ́fítíwíà yín jà. Tí ò bá gbà, inú fáìlì gan-an ni àgádágodo wà.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi fáìlì bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù.

Bẹ́ ẹ ṣe ṣí i sílẹ̀ nínú Reader yẹn, ẹ tẹ Ctrl+D, Document Properties á yọ, ẹ tẹ Security. Wọ́n to gbogbo ohun tí wọ́n gbà yín láyè láti ṣe síbẹ̀, Printing, Content Copying, Commenting, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí iwájú Commenting bá ti jẹ́ Not Allowed, ẹ ti mú olè. Àwọn kan á ní ṣebí ìwé yẹn ò bi àwọn ní páásíwọ́ọ̀dù kó tó ṣí. Òótọ́ ni, àmọ́ páásíwọ́ọ̀dù méjì ni PDF lè ní: ọ̀kan fún ẹni tó fẹ́ ṣí i, èkejì fún ẹni tó ni ín, èyí tó fi ń pàṣẹ ohun táwọn yòókù lè ṣe tí wọ́n bá ti ṣí i tán. Wọ́n lè lo èkejì yẹn nìkan, ìwé á ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀ẹ́ kà á tẹ́rùn, ẹ ò kàn ní lè kọ bíńtín sí i ni. Ká sòótọ́, èkejì yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára, torí sọ́fítíwíà tó ń ṣí ìwé ló ń pa àṣẹ yẹn mọ́, èyí tí ò bá fẹ́ pa á mọ́ á kàn gbójú kúrò ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rẹ́ yín fi lè kọ kọ́mẹ́ǹtì sí fáìlì kan náà lórí fóònù ẹ̀ kí tiyín sì kọ̀ jálẹ̀ lórí látọ́ọ̀pù, kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n ṣe jù yín lọ.

Ọ̀nà tó dáa jù ni kẹ́ ẹ pe ẹni tó ṣe ìwé náà. Tó bá ní Acrobat Pro, á padà sí Security yẹn, á yí Security Method sí No Security, á fi páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ sí i, á sì tún un fi ránṣẹ́. Tó bá wá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ni ín, tàbí tí ẹni tó ni ín ti fọwọ́ sí i, tẹ́rù ò sì bà yín láti tẹ nǹkan sínú terminal, ìyẹn ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ qpdf. Ẹ fi orúkọ fáìlì yín rọ́pò iwe.pdf, kẹ́ ẹ tẹ

qpdf --show-encryption iwe.pdf

á ka ohun tí wọ́n gbà àti ohun tí wọn ò gbà fún yín, èyí tẹ́ ẹ ń wá níbẹ̀ ni modify annotations. Lẹ́yìn náà

qpdf --decrypt iwe.pdf iwe-tuntun.pdf

á ṣe ẹ̀dà tí ò ní àgádágodo. Ìwé tẹ́ ò láṣẹ lórí ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ jàre, ẹni tó tì í mọ ìdí tó fi tì í.

Ẹ má sì dán irú ẹ̀ wò pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ti buwọ́ lù lórí kọ̀ǹpútà o. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà búlúù lókè tó ń sọ pé Certified by ẹni báyìí, ẹni yẹn ti yan ọ̀kan nínú mẹ́ta: kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan, tàbí kí wọ́n kàn lè kọ ọ̀rọ̀ sínú fóọ̀mù kí wọ́n sì buwọ́ lù ú, tàbí kí wọ́n ṣe ìyẹn kí wọ́n tún lè kọ kọ́mẹ́ǹtì. Tó bá ti mú nínú méjì àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fipá ṣí i, ìbuwọ́lù yẹn á bàjẹ́, àdéhùn tó yẹ kó dúró níwájú adájọ́ á wá di bébà lásán. Ẹ ṣí Word sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ kọ "ojú ewé 4, ìpínrọ̀ 2" kẹ́ ẹ wá kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ síwájú ẹ̀, ó ń gba sùúrù àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Òmíì tún wà tó jẹ́ pé sticky note gbà, yẹ́lò nìkan ni ò gbà. Ìyẹn ò ní àgádágodo kankan, fọ́tò ìwé ni. Ẹnì kan gbé bébà sórí skánà, kọ̀ǹpútà ò rí lẹ́tà kan ṣoṣo níbẹ̀, àwòrán ló rí, kí ló wá fẹ́ kùn ní yẹ́lò? Ẹ tẹ Ctrl+F, ẹ wá ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ ń fojú ara yín rí lójú ewé yẹn, tó bá ní òun ò rí i, ẹ ti mọ̀ nìyẹn. OCR, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń ka lẹ́tà inú àwòrán kó lè di ọ̀rọ̀, ló máa yanjú ẹ̀. Acrobat Pro ní tiẹ̀, àmọ́ èmi fẹ́ràn OCRmyPDF torí ọ̀fẹ́ ni, Tesseract ló ń lò lábẹ́lẹ̀, Tesseract sì ní èdè Yorùbá, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi fáìlì èdè tó ń jẹ́ yor sí i, kẹ́ ẹ wá tẹ

ocrmypdf -l yor+eng --output-type pdf iwe.pdf iwe-ocr.pdf

Tẹ́ ẹ bá fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ka ìwé Yorùbá, á gé àmì ìsàlẹ̀ dànù, owó àti ọwọ́ á di ọ̀kan náà, tẹ́ ẹ bá wá ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ lọ́la ẹ ò ní rí i.

Ẹ má fo --output-type pdf yẹn o. Tẹ́ ò bá sọ fún un, PDF/A ni OCRmyPDF máa ń ṣe, ìyẹn irú PDF táwọn tó ń tọ́jú ìwé fún ọdún gbọọrọ fẹ́ràn, Reader sì máa ń ṣí i ní read-only, ìyẹn kíkà nìkan, á gbé ìlà búlúù kan sókè láti sọ fún yín. Tẹ́ ẹ bá pàdé irú ẹ̀, ẹ kàn tẹ Enable Editing. Tó bá ń ṣe é fún yín lójoojúmọ́, ẹ lọ sí Preferences, ẹ tẹ Documents, kẹ́ ẹ yí PDF/A View Mode sí Never.

Ó wá kan ẹni tí ẹ̀dà tó dáńlóòdù gba kọ́mẹ́ǹtì láìjanpata. Ní Google Drive, ẹni tí wọ́n fi ṣe Viewer ò lè kọ nǹkan kan, àfi Commenter tàbí Editor, ẹ bẹ ẹni tó ni ìwé kó yí i fún yín nínú Share. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé kọ́mẹ́ǹtì tẹ́ ẹ kọ nínú Drive, ọ̀dọ̀ Drive ló ń gbé, kì í bá fáìlì lọ tẹ́ ẹ bá dáńlóòdù ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ sọ́gàá báyẹn á ní ẹ ò ṣiṣẹ́. Ní SharePoint, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti ṣe check out ẹ̀. Tó bá ti gbé e, òun nìkan ló lè ṣàtúnṣe sí i àfi tó bá dá a padà tàbí tí admin bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ẹni ọ̀hún lè ti lọ sí lííf o, gbogbo yín á wá jókòó máa wo ìwé.

Zotero, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń kó ìwé ìwádìí jọ, ní tiẹ̀, látìgbà version 6 tó jáde ní 2022, inú database ẹ̀ ló ń tọ́jú ohun tẹ́ ẹ bá kọ sí PDF, kì í kọ ọ́ sínú fáìlì. Síbẹ̀, nínú group library, ìyẹn àkójọ ìwé tí ẹ̀yin àtàwọn míì jọ ń lò, tí wọn ò ti gbà yín láyè láti ṣàtúnṣe fáìlì, yẹ́lò ò ní ṣiṣẹ́, olórí group ló lè yí i nínú settings, kọ́mẹ́ǹtì tí ẹlòmíì kọ náà ẹ ò lè tún un ṣe. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ohun tẹ́ ẹ kọ bá fáìlì jáde, Save As lábẹ́ File ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Windows, ẹ yé ṣí PDF tààrà látinú íméèlì tàbí látinú zip. Ẹ̀dà onígbà díẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń ṣí fún yín, ẹ̀ẹ́ kọ gbogbo ẹ̀ tán, ó lè kọ̀ láti save. Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ síta, right-click, Properties, ẹ mú àmì kúrò ní Read-only, tẹ́ ẹ bá sì rí Unblock nísàlẹ̀ ẹ fi àmì sí i.

Tí gbogbo ẹ̀ bá kọ̀, tí Printing sì jẹ́ Allowed, ẹ lọ sí Print kẹ́ ẹ yan Microsoft Print to PDF. Èyí tó máa jáde á gba kọ́mẹ́ǹtì, àmọ́ líǹkì inú ẹ̀ á kú, fóọ̀mù ò ní ṣe é kọ mọ́, ìbuwọ́lù náà á lọ.

Tẹ́ ẹ bá ń gbé ẹ̀dà tuntun padà sí Drive, ẹ má wá gbé e lórúkọ "final final 2". Ẹ right-click ti tẹ́lẹ̀, ẹ lọ sí File information, Manage versions, Upload new version, líǹkì tó wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn ò ní yí padà. Drive lè pa ti àtijọ́ rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 30 tàbí tó bá ti pé 100, torí náà tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ máa rí bí ìwé yẹn ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ Keep forever sí i.