Yàrá Abẹ́ Ilẹ̀ Tó Ń Rin, Kí Ẹ Tó Ta Ilé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ní ilé bíríkì àtijọ́ kan ní ìhà gúúsù Chicago, a sì fẹ́ tà á nígbà ooru yìí. Ògiri bésímẹ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn yàrá abẹ́ ilẹ̀, ń rin, ọ̀dà ń bó lára rẹ̀, nǹkan funfun bí iyọ̀ sì ń yọ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ejéǹtì wa ní kí a fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé kùn ún. Ṣé ìyẹn tó?

Ìdáhùn: Kò tó, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má tíì ra ọ̀dà kankan. Iyọ̀ inú bíríkì àti símẹ́ǹtì ni nǹkan funfun yẹn. Omi ló tú u bó ṣe ń gba inú ògiri kọjá, tó sì fi í sílẹ̀ nígbà tó gbẹ. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì ń ti ẹ̀yìn wá, yóò ti ọ̀dà tuntun kúrò gẹ́gẹ́ bó ṣe ti ti àtijọ́, ẹni tí olùrà bá sì rán wá yẹ ilé wò kò ní ṣàì béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ògiri ìsàlẹ̀ nìkan ni ẹ kùn. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ti ń wá. Ẹ wá ibi mélòó kan tí ọ̀dà kò tíì bó, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi téèpù lẹ ọ̀rá tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan mọ́ ọn pinpin ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rá, níbi tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ló ti ń wá. Bó bá jẹ́ iwájú ló tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń di omi níbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ méjèèjì.

Ìbéèrè: Ẹ̀yìn ọ̀rá ló tutù. Ilé-iṣẹ́ kan ní àfi kí àwọn fọ́ ilẹ̀ yíká inú bésímẹ́ǹtì, kí àwọn ri páìpù àti pọ́ọ̀ǹpù mọ́ ibẹ̀. Owó rẹ̀ pọ̀ jù fún wa.

Ìdáhùn: Ó lè kan ìyẹn nígbẹ̀yìn, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gidigidi, ẹ wọ aṣọ òjò, kí ẹ yí ilé po, kí ẹ sì wo ibi tí omi òrùlé ń lọ. Òjò íǹṣì kan ṣoṣo lórí òrùlé tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40, tó fẹ̀ ní 25, ń di omi bíi gálọ́ọ̀nù 620. Bí ewé bá dí góòtà, tàbí tí páìpù tó ń sọ omi rẹ̀ kalẹ̀ bá parí sí ìdí ògiri, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń rọ́ sí, ilẹ̀ Chicago tó jẹ́ amọ̀ ní ibi púpọ̀ kì í sì í tètè fà á mu. Ẹ kó ewé náà kúrò, kí ẹ fa ẹnu páìpù jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 6, láìdà á sí àgbàlá aládùúgbò. Ó yẹ kí ilẹ̀ náà máa lọ sílẹ̀ bó ṣe ń jìnnà sí ògiri, ìwọ̀n íǹṣì 6 láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 àkọ́kọ́. Amọ̀ ni kí ẹ fi dí ibi tó bá jìn, nítorí inú iyanrìn ni omi máa gbà dé ìdí ògiri. Ní ilé ìgboro tí kò sí àyè tó bẹ́ẹ̀, kọnkéré ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé tó ti rì sí ìhà ògiri ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ẹ jẹ́ kí òjò ńlá mélòó kan rọ̀ sí àtúnṣe yìí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Bí òjò bá pọ̀, omi dúdú tún máa ń ru jáde láti ojú ihò àárín ilẹ̀.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ní Chicago, páìpù kan náà lábẹ́ òpópónà ló ń gba omi òjò àti omi ìgbọ̀nsẹ̀. Bó bá kún, á padà sẹ́yìn wọ ilé. Púlọ́ńbà tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ pè, kó fi ìdènà tí omi kò ní lè gbà padà sí i. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan omi náà.

Ìbéèrè: Èébu dúdú wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Màmá wa ní kí a ṣí gbogbo fèrèsé kí òórùn náà lè lọ.

Ìdáhùn: Ẹ dákun, ẹ bá mi bẹ Màmá. Nígbà ooru ní Chicago, afẹ́fẹ́ ìta gbóná, ó sì kún fún ọ̀rinrin; bó bá wọlé tó kan ògiri tútù, omi ló máa dà. Ẹ ti fèrèsé, kí ẹ tan dehumidifier, ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́, kí ọ̀rinrin inú yàrá má ju 60 nínú 100 lọ. 30 sí 50 ló dára jù. Bí èébu náà kò bá fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 3 níbùú àti lóròó, ẹ lè fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbẹ ibẹ̀ dáadáa. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìbéèrè: Bí ó bá ti wá gbẹ, ṣé dandan ni kí a sọ fún olùrà?

Ìdáhùn: Òfin kan wà ní Illinois, ìpínlẹ̀ tí Chicago wà, láti ọdún 1994 tó ní kí ẹni tó ń ta ilé kọ àwọn àléébù tó mọ̀ sínú fọ́ọ̀mù fún olùrà, omi tó ń ya wọ bésímẹ́ǹtì léraléra sì wà lára ohun tí wọ́n béèrè. Òfin náà kò béèrè fún àléébù tí ẹni tó ń tà á gbà gbọ́, pẹ̀lú ìdí tó yè kooro, pé a ti tún ṣe. Síbẹ̀, èrò tèmi ni pé kí ẹ sọ ọ́. Ẹ kó rìsíìtì jọ, pẹ̀lú fọ́tò ògiri náà kí ẹ tó tún un ṣe àti lẹ́yìn òjò, kí ẹ fi wọ́n han lọ́yà tó ń bá yín ta ilé kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà.