Bó o ṣe lè di oníwàádìí lórí ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí

Tí ọ̀dọ́ bá ní òun fẹ́ ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí, IVF, ìyẹn kí wọ́n da ẹyin obìnrin àti àtọ̀ pọ̀ ní láàbù kó lè di oyún, ló sábà máa ń wà lọ́kàn ẹ̀. Kò burú o. Àmọ́ Robert Edwards tó wà nídìí IVF gan-an, ara eku ló ti bẹ̀rẹ̀ ní Edinburgh láwọn ọdún 1950, ó di 1968 kí òun àti dókítà Patrick Steptoe tó jọ ń ṣiṣẹ́, Jean Purdy tó jẹ́ nọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀, àjọ MRC tó ń fúnni lówó ìwádìí ìṣègùn ní Britain kọ̀ láti fún wọn lówó lọ́dún 1971, wọ́n ṣáà ń bá a lọ ní Oldham, England, títí wọ́n fi bí Louise Brown, ọmọ IVF àkọ́kọ́ láyé, ní July 25, 1978. Tó bá jẹ́ nǹkan kíákíá lò ń wá, wá iṣẹ́ míì.

Kò pọn dandan kó o ka mẹ́dísìn, àfi tó o bá fẹ́ máa tọ́jú aláìsàn. Physiology, Anatomy, Biochemistry, Zoology, Animal Science, gbogbo ẹ̀ ló lè gbé ẹ débẹ̀. Ṣebí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ IVF ní LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Lagos, láwọn ọdún 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie ni dókítà àwọn obìnrin, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru tí wọ́n jọ ṣe é, ẹ̀ka Anatomy ló ti wá.

Ọwọ́ àti ojú ni kó o kọ́kọ́ kọ́. Lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ àtọ̀ wò, kó o dúró ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọkùnrin náà ò gbọ́dọ̀ tíì da àtọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7, kọ aago tó gbé e dé sílẹ̀, gbé e sínú ooru digirì 37 kó fi yọ́, ó sábà máa ń yọ́ láàárín ìṣẹ́jú 30, rò ó pọ̀ dáadáa, kó o wá kà á lábẹ́ maikirosíkóòpù lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán sperm (sẹ́ẹ̀lì inú àtọ̀ tó ń sọ ẹyin di oyún) 200 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí iye méjèèjì bá jìnnà síra, tún un kà. Ọ̀pọ̀ ń fo ibi àtúnkà yìí, èyí sì ń dùn mí, torí orí iye yẹn ni ìgbéyàwó ẹlòmíì máa dúró lé! Ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti 2021 ní sperm mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan ni ààlà, àmọ́ ara àwọn tó fún ìyàwó wọn lóyún láàárín ọdún kan ni wọ́n ti yọ ọ́, márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Torí náà ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ ààlà yẹn, má ṣe sọ fún un pé kò lè bímọ.

Lẹ́yìn náà, eku láàbù (rat). Láràárọ̀, ní aago kan náà, fi omi iyọ̀ díẹ̀ fọ ojú ara abo eku, kán an sórí slide, gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé sábẹ́ maikirosíkóòpù. Tó o bá rí sẹ́ẹ̀lì róbótó tó ní kókó láàárín, ẹyin fẹ́ jáde nìyẹn, tó bá ti rí pẹlẹbẹ bí ìpẹ́, tí kò ní kókó mọ́, àkókò tí akọ lè gùn ún ti dé. Ọjọ́ 4 sí 5 ló ń yí. Tó bá jẹ́ àgbo lo fẹ́ dán wò, má fún un ní ìkankan kó o tó rí i pé ó ń yí déédéé. Ti akọ ńkọ́? Sperm eku máa ń tó bí ọjọ́ 52 kó tó dàgbà, ti ọkùnrin tó bí 74, torí náà ẹni tó lo àgbo fún ọ̀sẹ̀ méjì tó wá ní ó ń mú kí àtọ̀ pọ̀, kò tíì rí ìdí ọ̀rọ̀.

Ìwé àṣẹ ethics, ìyẹn àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń wò ó bóyá ìwádìí bójú mu, ló ṣáájú ohun gbogbo, fún eku àti fún èèyàn. Tó bá kan àwọn tọkọtaya, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ náà gbọ́dọ̀ ṣe tẹ́ẹ̀sì. WHO sọ lọ́dún 2023 pé èèyàn kan nínú 6 ló ń bá ìṣòro àìríbí pàdé nígbà ayé ẹ̀, síbẹ̀ obìnrin nìkan làwọn ará ilé ń dojú kọ. Má pe ẹnikẹ́ni ní àgàn létí ẹ̀.

Tó o bá fẹ́ master's tàbí PhD, kọ ímeèlì kúkúrú sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣe é: iṣẹ́ wọn tó o kà, ìbéèrè kan tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nínú ẹ̀, àti ohun tọ́wọ́ ẹ lè ṣe ní láàbù. Wo Commonwealth Scholarship fún Britain. Tí wọn ò bá fèsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan, kó o sì kọ sí ẹlòmíì.